Gbogbo Awakọ̀ Ló Mọ Ibi Tí Wọ́n Ń Dúró Sí

Ẹ wo awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Oǹdó sí Àkúrẹ́. Ó ti fa bẹ́líìtì ìjókòó kọjá àyà, àmọ́ kò kì í bọ ihò rẹ̀. Ó kàn fi há abẹ́ itan ni. Tírélà kan yọ níwájú, ó ṣẹ́ iná lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ọwọ́ awakọ̀ lọ sísàlẹ̀, ó dún "kọ̀ọ́", bẹ́líìtì ti wọlé. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, wọ́n kí ara wọn, wọ́n kọjá. Kò ní tó kìlómítà méjì tí ẹ ó tún fi gbọ́ "kọ̀ọ́" kejì. Ó ti tú u.

Òfin kò yí padà láàárín "kọ̀ọ́" méjèèjì yẹn. Owó ìtanràn bẹ́líìtì tó wà nínú ìwé àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ₦2,000, kò lọ sókè kó tún wálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yí ni ìṣirò tó ń lọ nínú orí awakọ̀: ṣé wọ́n á mú mi níbí? Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nílùú yìí, iye òṣìṣẹ́, iye ọkọ̀ àti iye ìbọn la máa ń kà. Ìṣirò orí awakọ̀ yẹn ni kò sẹ́ni tó ń kà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni iṣẹ́ ọlọ́pàá ń lọ bá.

Kò sí awakọ̀ tó lọ ka ìwé òfin kó tó ṣe ìṣirò yìí. Ibi mẹ́rin ló ti ń kó o jọ. Ó ń wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní gáréèjì àti lórí WhatsApp ẹgbẹ́ awakọ̀. Ó ń fi ojú rí yúnífọ́ọ̀mù, ọkọ̀ tó ní iná lórí, táyà àti pákó tí wọ́n tò sójú ọ̀nà. Èyí tó kù ló wúwo jù: iye ìgbà tó ti ṣẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe. Kì í ka àwọn ìgbà yẹn, àmọ́ ara rẹ̀ ń kà wọ́n fún un.

Ẹ máa rò pé ẹni tí wọ́n mú lánàá á ṣọ́ra lónìí. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣọ́ra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìwà ọ̀daràn ti rí àwọn kan tí mímú ń fi lọ́kàn balẹ̀: "Mo ti san tèmi, ó di ìgbà mìíràn." Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ni, tí wọ́n gbà pé nọ́ńbà tó jáde lánàá ò lè jáde lónìí.

Nǹkan mìíràn tí ìwádìí fi hàn léraléra ni pé ẹni tí kò ṣẹ̀ rí máa ń rò pé ọwọ́ tètè ń tẹ èèyàn, ẹni tó ń ṣẹ̀ lójoojúmọ́ ló mọ̀ pé kì í tètè tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀kadà ní Ìsìnkàn, ní Àkúrẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bó bá rí yúnífọ́ọ̀mù lókèèrè, á yà sí ọ̀nà ẹ̀bùrú, kódà bí wáṣìmánì ilé ìfowópamọ́ ni. Lóṣù kẹta, ó ti mọ ọlọ́pàá tó ń mú ni yàtọ̀ sí èyí tó kàn dúró. Ó ti mọ wákàtí tí wọ́n ń lọ jẹun. Ìbẹ̀rù tó gbé wá sí ìdí iṣẹ́ kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Àìmú-un láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ló jẹ ẹ́ tán. Bí mo bá ní òṣìṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́, àwọn tuntun yìí ni ma kọ́kọ́ fi wọ́n ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní awakọ̀ kan ń lọ-bọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ìrìn 24 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan, nǹkan bí 100 lóṣù. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gba ₦2,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù náà. ₦20 ni àìde bẹ́líìtì ń ná an lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan, kò tó owó omi inú ọ̀rá. Ìjọba lè bínú, kó sọ owó ìtanràn di ₦4,000: ó di ₦40. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi owó náà sílẹ̀ bó ṣe wà, tí wọ́n sì mú un lẹ́ẹ̀márùn-ún lóṣù, ₦100 ni. Kì í ṣe owó náà nìkan. Ẹni tí wọ́n mú lẹ́ẹ̀márùn-ún lóṣù á ròyìn rẹ̀ ní gáréèjì lẹ́ẹ̀márùn-ún, àwọn ogún tó gbọ́ á fi kún ìṣirò tiwọn. Owó ìtanràn tí wọ́n sọ di ìlọ́po méjì kò ní ẹnu tó ń ròyìn rẹ̀, bí kò ṣe rédíò, lọ́jọ́ kan péré.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Cesare Beccaria, ará Ítálì, ti kọ ọ́ lọ́dún 1764 pé ìdánilójú ìyà ló ń dá ọ̀daràn dúró ju bí ìyà náà ṣe le tó lọ. Ohun tí Beccaria kò mọ̀ nígbà náà ni bí ìdánilójú yẹn ṣe ń bàjẹ́ bí ọbẹ̀ tí wọn ò gbóná.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi hàn jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, òfin tuntun fún ọlọ́pàá láṣẹ láti ní kí awakọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan tó ń wọn ọtí. Ẹni tí mílígíráàmù ọtí bá ju 80 lọ nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rú òfin. Ìjọba polówó rẹ̀ gan-an, ìwé ìròyìn ò sọ nǹkan mìíràn. Lójú ẹsẹ̀, àwọn tó ń kú àti àwọn tó ń fara pa yánnayànna lálẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọtí ń ṣàn, dín kù ju ìdajì lọ. Kò sí ìgbà kan tí ọlọ́pàá mú àwọn èèyàn tó láti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ariwo ló ṣe é: àwọn èèyàn rò pé wọ́n á mú àwọn. Nígbà tó yá, wọ́n ń mutí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wakọ̀ lọ sílé, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Láàárín ọdún mélòó kan, èrè náà ti ń yọ́ lọ. H. Laurence Ross, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí rẹ̀, sọ pé ìdí ni pé àwọn awakọ̀ ti mọ bí òfin náà ṣe jẹ́ gan-an.

Ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà gba ọ̀nà mìíràn ní oṣù kejìlá ọdún 1982. Wọn kò dúró de ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró láìka ẹni tó wà nínú rẹ̀ sí, gbangba lójú ọ̀nà ńlá, kí àwọn tó ń kọjá lọ lè rí i. Nǹkan bí awakọ̀ kan nínú mẹ́ta ni wọ́n yẹ̀ wò lọ́dún kan. Ìjàǹbá aṣekúpani lọ sílẹ̀, kò sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ bí ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé wọn ò dáwọ́ dúró. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì nìyẹn: ọ̀kan fi ariwo bẹ̀rẹ̀ ó sì gbára lé ariwo, èkejì fi iṣẹ́ ti ariwo lẹ́yìn lójoojúmọ́.

Àwa náà ní ti wa. Láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kejìlá ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń ṣe ìpolongo òpin ọdún, tí gbogbo èèyàn ń pè ní "ember months". Wọ́n á wà káàkiri. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ pé ìgbà yẹn ni, kò sì sí èyí tí kò mọ̀ pé oṣù kìíní ti yàtọ̀. Èmi kò sọ pé kí wọ́n má ṣe é, ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà lóòótọ́ nígbà náà. Àmọ́ ohun tí èèyàn bá ti lè fi kàlẹ́ńdà ṣọ́, kò sí nínú ohun tó ń bà á lẹ́rù mọ́.

Bí kàlẹ́ńdà ṣe rí ni ibi ìdúró rí. Ìdènà tó wà lójú kan náà láti àárọ̀ dé alẹ́, lójoojúmọ́, kò kọ́ awakọ̀ ní "má ṣẹ̀". Ohun tó ń kọ́ ọ ni "má ṣẹ̀ níbí". Ẹni tó ń gba wọ́n-wéè lójú ọ̀nà Ọba Adéṣídà mọ oríta tí wọ́n máa ń dúró sí, ó sì mọ ibi tóun á ti yà kó tó dé ibẹ̀. Bí ìdènà náà bá ṣe ń pẹ́ sí i ni agbègbè tí ìbẹ̀rù rẹ̀ ń kárí ń dín kù, títí tó fi ku mítà díẹ̀ síwájú àti díẹ̀ sẹ́yìn.

Kí wá ni kí wọ́n ṣe, kí wọ́n máa yípo ìlú? Ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọrọ. Láti 1972 sí 1973, ọlọ́pàá Kansas City ní Amẹ́ríkà pín àdúgbò 15 sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní márùn-ún, ọkọ̀ ọlọ́pàá kò wọ ibẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá pè wọ́n. Ní márùn-ún, bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní márùn-ún tó kù, ọkọ̀ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Lópin ọdún, ìwà ọ̀daràn kò yàtọ̀, ìbẹ̀rù aráàlú kò yàtọ̀. Àwọn aráàlú kò tilẹ̀ fura. Ọkọ̀ tó kàn ń kọjá fìrí ní ojú pópó tó gbòòrò kò yí ìṣirò ẹnikẹ́ni padà.

Ìlú Minneapolis, ní Amẹ́ríkà náà, ló wá fún wa ní nọ́ńbà tó ṣeé lò. Láti 1988 sí 1989, wọ́n mú ojúkò 110 tí wàhálà ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù, wọ́n fi ọlọ́pàá kún ìdajì wọn. Ojúkò kékeré ni o, oríta kan tàbí iwájú ilé mélòó kan, nítorí wọ́n ti rí i pé àdírẹ́sì mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fa ìdajì ìpè tó ń dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Wàhálà dín kù níbẹ̀. Ẹni tó tún nọ́ńbà náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà, Christopher Koper, rí i lọ́dún 1995 pé bí ọlọ́pàá bá ṣe ń pẹ́ sí i lójúkò ni ìparọ́rọ́ ń pẹ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, títí dé nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, èrè ń dín kù. Wákàtí mẹ́jọ lábẹ́ igi máńgòrò kan wá dà bí ẹni ń bu omi sínú korobá tó ti kún.

Kí n tó dé bí wọ́n ṣe lè ṣe é, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ọdẹ àdúgbò. Ní Ìjàpọ̀, ní Ọ̀bà-Ilé, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tí lándílọ́ọ̀dù ti ń dáwó, ọdẹ máa ń fi irin lu òpó iná ní wákàtí wákàtí: ẹ̀ẹ̀kan bí ó bá di aago kan, ẹ̀ẹ̀mejì bí ó bá di aago méjì. Onílé tó ń sùn gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, owó tó dá kò ṣòfò. Olè náà gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé ọdẹ wà lórígun òkè, pé ó kù ìṣẹ́jú 60 kó tó tún lu nǹkan. Ìró yẹn ti sọ ipò ọdẹ àti wákàtí rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má dá lílu rẹ̀ dúró o, torí àdúgbò tó pa rọ́rọ́ burú ju èyí tó ń dún lọ. Kí ọdẹ máa lù ú ní ìgbà tí kò bá aago mu: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn 45, lẹ́yìn mẹ́wàá péré níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Kó máa padà sẹ́yìn nígbà mìíràn. Bí ọdẹ bá jẹ́ méjì, kí ọ̀kan máa lù, kí èkejì máa rìn láìdún ní òdìkejì.

Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ti ojú pópó. Ká ní ẹ̀ka kan ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà àti ọkọ̀ kan. Kí wọ́n mú ojúkò mẹ́jọ láti inú ìwé ìjàǹbá àti ẹ̀sùn aráàlú, kì í ṣe láti inú ibi tí ibòòji wà. Ká sọ pé ẹnu géètì méjèèjì ti FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, wà níbẹ̀, Road Block, ìdí Ọjà Ọba, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n kọ orúkọ ojúkò kọ̀ọ̀kan sára ègé ìwé, kí wọ́n fi ègé mẹ́rin tí kò ní orúkọ kún un, kí wọ́n dà á sínú agolo mílíìkì. Agolo kejì fún wákàtí: àárọ̀ kùtù, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, wọ́n pín in sí ìdajì wákàtí. Olórí ikọ̀ á mú ọ̀kan nínú agolo kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárọ̀. Kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta títí ọkọ̀ á fi gbéra. Bí ègé òfìfo bá jáde, wọn ò jáde nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ máa retí.

Ibi tí wọ́n sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá mú ègé ìwé kan tí wọn ò dá a padà sínú agolo. Bí ẹ ò bá dá a padà, ohun tó kù á máa hàn síta bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń parí lọ. Ẹ dá a padà, ẹ mi agolo. Bí Road Block bá jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọkàn ọ̀gá á fẹ́ yí i padà, á ní "A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀." Ohun tí awakọ̀ náà ń sọ nìyẹn.

Níbi ìdúró, ìṣẹ́jú 15, kó má ju 20 lọ. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ń dá ọkọ̀ dúró, ọ̀kan ń kọ ìwé ìtanràn, ọ̀kan dúró ní mítà 100 sẹ́yìn láti rí àwọn tó ń yí padà, awakọ̀ ikọ̀ kò kúrò nídìí ọkọ̀. Ẹ má dúró sí kọ́nà tàbí ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ má lé ọlọ́kadà tó bá sá. Kíkọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ti tó, lílé yẹn ti pa èèyàn púpọ̀ ju ohun tí wọ́n fẹ́ mú un fún lọ. Ọjọ́ kan, ẹ̀ṣẹ̀ kan: lónìí bẹ́líìtì, lọ́la fóònù lórí ìrìn, èyí tí owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦4,000. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ń wá gbogbo ẹ̀ṣẹ̀, ọkọ̀ á tò, ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ juwọ́ fún àwọn kan kí ọ̀nà lè ṣí. Ẹni tí ẹ juwọ́ fún tí kò de bẹ́líìtì, níwájú yín, ti kọ́ ohun kan tí ẹ ò ní lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oṣù kan.

Ẹ̀gúnjẹ wá ńkọ́? Kí a má pa á mọ́. Àwọn èèyàn máa ń ka ẹ̀gúnjẹ sí ìwà ìbàjẹ́ lásán, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣe sí ìṣirò. Ìgbà tí ẹ̀gúnjẹ bá ti ní iye tí gbogbo èèyàn mọ̀, ó ti di owó ọ̀nà. Awakọ̀ á fi kún owó epo láàárọ̀, á sì kà á mọ́ owó ọkọ̀ tó ń gbà lọ́wọ́ èrò. Kò sí ìmúni mọ́, oníbodè ló kù. Ohun tó tún burú ni pé ẹni tó de bẹ́líìtì náà ń san án, nítorí náà dídè àti àìdè di ọgbọọgba. Ìwé ìtanràn tó ní nọ́ńbà, kóòtù alágbèéká tó ń dá ẹjọ́ lọ́jọ́ kan náà, àti ikọ̀ tí kì í jẹ́ èèyàn kan náà lọ́sẹ̀ méjì léraléra ló ń tú u ká díẹ̀. Kóòtù tó ń sún ẹjọ́ di oṣù mẹ́jọ kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́, torí ìyà tó pẹ́ kó tó dé kì í jọ pé ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ló bí i.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Iye tí wọ́n mú kò lè sọ fún wa. Bí iye náà bá dín kù, ó lè jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ dín kù, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Kí èèyàn méjì tí kò wọ yúnífọ́ọ̀mù jókòó sójúkò náà gan-an, sí mítà 500 sí i, àti sí kìlómítà mẹ́ta sí i, ní wákàtí kan náà. Kí wọ́n ka ọkọ̀ 100 níbi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa ju òkúta sínú ike fún awakọ̀ tó de bẹ́líìtì. Wọ́n á kà á ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, lọ́jọ́ náà, lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ keje, lọ́jọ́ kẹrìnlá. Bí òkúta bá pọ̀ lójúkò tí ti kìlómítà mẹ́ta ò yí, ibi ìdúró yín nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí ó bá pọ̀ lọ́jọ́ kẹta tó ti padà sílẹ̀ lọ́jọ́ keje, ẹ ti mọ iye ọjọ́ tí ìbẹ̀rù ń gbé láàyè níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pé kí ẹ tó padà wá. Ẹ má kà á lọ́jọ́ òjò, torí ojú fèrèsé á dúdú, òkúta yín á máa parọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí gáréèjì, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ bi awakọ̀ 30 ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ jọ̀ọ́, nínú ìrìn mẹ́wàá tí ẹ ò bá de bẹ́líìtì, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rò pé wọ́n á mú yín?" Àwọn kan á ní ẹ̀ẹ̀kan, àwọn kan á rẹ́rìn-ín pé kò sí. Àwọn kan kò ní dá nọ́ńbà, wọ́n á ní, "Ó kù sí ọwọ́ ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà." Ẹ kọ iye àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tó ní kò sí.